Ẹyọ Kan Péré: Ìgbésí Ayé Àkíbù Àdìó Gbàdàmọ́sí (1955–2025)

Ìró kan wà tí kò tíì kúrò létí wa títí di òní: ìró ìdérí agolo. Ní ilé wa ní Cow Lane, ní Accra àtijọ́, Ìyá wa máa ń kó ṣúgà onígun sínú agolo bísíkíìtì kan tó ti ṣófo. Ìdérí rẹ̀ le. Bí wọ́n bá ti ṣí i, á ké "pẹ́ẹ́ń!" Kò sí ibi tí Àkíbù wà tí kì í gbọ́ ọ. Ó lè wà ní ilé kéwú, ó lè wà lórí igi, ibà lè dá a dùbúlẹ̀. Bí agolo bá ti ké, ẹ ó rí i lẹ́nu ọ̀nà, ojú rẹ̀ á tutù bí ojú ẹni tí kò wá nǹkan kan. Bàbá wa a máa sọ pé bí wọ́n bá ní ọmọ yìí kú, kí ẹnikẹ́ni má sunkún, kí wọ́n kọ́kọ́ ṣí agolo náà wò. Ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹwàá ọdún 2025, wọ́n ní Àkíbù kú. A kò ṣí agolo kankan. A mọ̀ pé kò ní dìde, nítorí ó ti pé ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta tí ẹnu rẹ̀ ti kan bísíkíìtì gbẹ̀yìn. Ìdí rẹ̀ wà nínú ìwé yìí.

Àwọn ọmọ olóògbé ló ní kí èmi Bàdírù, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan ṣoṣo, kọ ọ́ láti Ìnísà níbi tí mo wà láti ọdún 1969. Wọ́n ní kí n lo èdè ọ̀wọ̀, kí n máa pe olóògbé ní "wọ́n". Mo gbìyànjú rẹ̀ dé ìdajì ojú ewé. Ẹni tí mo pọ̀n sẹ́yìn, tó tọ̀ sí mi lẹ́wù lọ́jọ́ Iléyá, ọwọ́ mi kọ̀ láti kọ ọ́ ní "wọ́n". Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ti àgbà jì mí.

A bí Àkíbù Àdìó ní oṣù Kẹta ọdún 1955, ní Cow Lane, sínú ìdílé Gbàdàmọ́sí Àjàgbé, ọmọ agboolé Jagun ní Ìnísà, àti Àgbékẹ́ aya rẹ̀. Bàbá ń ta àwo tánganran ní ọjà Okaishie, Ìyá ń ta ata lójúde ilé. Àwọn kan ń pè wá ní Alata, àwọn kan ń pè wá ní Anago, a sì ń jẹ́ méjèèjì. Kí Àkíbù tó pé ọmọ ọdún márùn-ún, èdè mẹ́rin ló fi ń tọrọ oúnjẹ: Yorùbá nínú ilé, Gà lójúde, Twi lọ́jà, Hausa ní ẹnu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí.

Ní ọdún 1961 ó wọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ó ń ṣe dáadáa. Ìwé tí olùkọ́ rẹ̀ fi ránṣẹ́ sí Bàbá nígbà tó wà ní kíláàsì kẹrin ṣì wà lọ́wọ́ wa. Ohun tó kọ síbẹ̀ ni pé ọpọlọ ọmọ náà jí pépé, ó sì bẹ̀ wá pé kí a bá a wí lórí oúnjẹ àwọn ọmọ tó jókòó tì í.

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba ní kí àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn àgbà tó wà ní ìjókòó yìí mọ bó ṣe rí. N kò ní tún un sọ. Bàbá pinnu pé kí ilé wa máa lọ sí Ìnísà, kí Àkíbù nìkan dúró lọ́dọ̀ Àǹtí Ràṣídátù, àbúrò Bàbá, tí ọkọ rẹ̀ jẹ́ ọmọ Gà, kí ó lè parí ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni Àkíbù. Èmi ti pé mọ́kànlélógún, mo sì ń fẹ́ ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Abena, ọmọ ìyá tó ń ta ìpara ní Okaishie. A jọ dàgbà ní àdúgbò ni. Ó gbọ́ Yorùbá, ó sì lè fi bú èèyàn ju àwa tí a ni ín lọ.

Lọ́jọ́ tí a ó lọ, ọkọ̀ akẹ́rù ti ń kù, èmi ló sì ń ṣọ́ ẹrù. Mo ra agolo bísíkíìtì kan tó ní àwòrán ẹṣin lára, mo gbé e lé Àkíbù lọ́wọ́. Mo ní, "Gbé e fún Abena. Sọ fún un pé kó dúró dè mí, mo ń bọ̀ wá fẹ́ ẹ." Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ní tiwa, irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í rin ìrìn ọwọ́ òfo. Nǹkan tí a fi rán an ni ẹ̀rí pé ọ̀dọ̀ ẹni tó rán an ló ti wá.

Láti Cow Lane dé Okaishie kò ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Àkíbù lo wákàtí kan ààbọ̀. Dírẹ́bà ti ń fọn fèrè, Bàbá ti ń bú èmi àti bàbá tó bí mi, nígbà tí mo rí i tó ń sáré bọ̀. Mo ké sí i látorí ẹrù:

"Ṣé o rí i?"

"Mo rí i, Bọ̀ọ̀dá."

"Kí ló wí?"

"Ó ní òun gbọ́. Ó ní òun yóò dúró."

"Bísíkíìtì ńkọ́?"

"Ó ní ó dùn gan-an."

Ètè rẹ̀ funfun. Mo rò pé ọyẹ́ ni.

Ọdún mẹ́fà ni mo fi kọ gbogbo ọmọge tí Ìyá fi hàn mí ní Ìnísà. Ní ọdún 1975 mo padà wá sí Accra pẹ̀lú ẹ̀wù tuntun lọ́rùn. Àkíbù ló mú mi lọ sí Okaishie, ó ń rìn bí ẹni tí bàtà há lẹ́sẹ̀. A bá Abena nídìí ìpara, ọmọ kan ní ẹ̀yìn, òmíràn di ìró rẹ̀ mú.

Mo ní, "Abena, ọmọ aráyé kò ṣeé fọkàn tán. Bísíkíìtì mi dùn, àbí?"

Ó wò mí. Ó ní, "Bísíkíìtì wo? Alata, ṣé orí ẹ pé?" Ó bú sẹ́rìn-ín.

Mo pè é ní aláìmoore, mo pè é ní ọ̀dàlẹ̀, gbogbo ìsọ̀ gbọ́, àwọn tí kò gbọ́ Yorùbá ní kí wọ́n túmọ̀ rẹ̀ fún àwọn. Àkíbù ń wo ilẹ̀ bí ẹni tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ sọnù. Nígbà tí mo padà sílé, ọ̀rọ̀ náà di àṣà lẹ́nu wa. Bí ẹnikẹ́ni bá ṣèlérí ní agboolé Jagun tí kò mú un ṣẹ, a ó ní ó ṣe "bísíkíìtì Abena" fún wa. Àwọn ọmọ tí kò mọ Accra, tí wọn kò mọ Abena, ń sọ ọ́. Ìgbàkúùgbà tí Àkíbù bá wá ṣe Iléyá lọ́dọ̀ wa tó sì gbọ́ ọ, á ní orí ń fọ́ òun, á lọ dùbúlẹ̀. A rò pé oòrùn ni. Èmi fẹ́ Mojíbọ́lá ní ọdún 1976, mo sì dúpẹ́ pé mo fẹ́ ẹ. Ó ń ka ìwé yìí láti ẹ̀yìn èjìká mi bí mo ṣe ń kọ ọ́ lọ́wọ́.

Ní ọdún 1978 Àkíbù parí ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ìjọba kan ní Accra tó ń tọ́jú àwọn tí ọpọlọ wọn kò balẹ̀. Ní ọdún 1986 wọ́n rán an lọ kọ́ṣẹ́ sí i, wọ́n sì fi í ṣe olùdámọ̀ràn ní wọ́ọ̀dù àwọn tí ọtí, igbó àti oògùn ti di bárakú fún. Láàárín méjèèjì, ní ọdún 1981, ló lọ tọrọ Sẹ̀kínátù, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Kotobabi. Bàbá ìyàwó béèrè iṣẹ́ rẹ̀ nígbà náà, wọ́n ní nọ́ọ̀sì ni, inú rẹ̀ dùn. Nígbà tó gbọ́ iṣẹ́ tuntun yìí ní 1986, ó pe àpérò ẹbí.

Ó ní, "Kí ni ọkọ ọmọ mi ń ṣe gan-an?"

Wọ́n ní, "Ó ń jókòó ti ọ̀mùtí, ó ń bá wọn sọ̀rọ̀."

Ó ní, "Ìjọba wá ń sanwó ìyẹn? Ní Kotobabi níbí, ọ̀fẹ́ ni."

Ọ̀fẹ́ kọ́ ni, ẹ̀yin ará. Ọ́fíìsì rẹ̀ jẹ́ àga oníke méjì lábẹ́ igi dóńgóyárò, pẹ̀lú kọ́bọ́ọ̀dù ìjọba kan tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sọnù lọ́dún tí wọ́n gbé e dé. Ibẹ̀ ló ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ tí kò ṣeé gbọ́. Dírẹ́bà, olùkọ́, ọmọ ọlọ́lá, ọmọ aláìní, gbogbo wọn ló ń pè é ní Wofa, bí àwọn Twi ti í pe ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ìyá wọn lọ́kùnrin. Kì í pariwo mọ́ wọn. Kì í wàásù. Bí èèyàn bá parọ́ fún un, á ní, "Ó dára, jẹ́ ká tún un sọ lọ́la," á sì tún un béèrè lọ́la, àti lọ́túnla, títí irọ́ náà á fi rẹ ẹni tó ń pa á.

Ní ọdún 1998 wọ́n gbé dírẹ́bà tòròtóró kan wá, ìyẹn bọ́ọ̀sì akérò wọn ní Accra. Kwabena lorúkọ rẹ̀, àpẹtẹ́ṣì, ògógóró ti ibẹ̀, ló fẹ́ pa á. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, Kwabena tó jẹ́ Kristẹni látinú oyún ní òun fẹ́ di Mùsùlùmí. Inú Àkíbù dùn débi pé ó pè wá ní Ìnísà láti sọ fún wa. Ó ra ẹní ìkírun fún un, ó fún un ní bùútà àlùwàlá. Kwabena kò fi bùútà náà sílẹ̀ mọ́, ó ń gbé e kiri, ó ń ṣe àlùwàlá nígbà mẹ́jọ lójúmọ́. Àkíbù fi í ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn Mùsùlùmí tó wà ní wọ́ọ̀dù. Ọjọ́ kan ló bá a lẹ́yìn ilé tó ń fi bùútà "yọ ẹnu", tí kò sì tu omi náà dànù.

Àkíbù ní, "Kwabena, ìrun wo là ń kí ní aago mẹ́wàá àárọ̀?"

Kwabena ní, "Wofa, èyí tó kọjá mi lánàá ni mò ń san."

Àkíbù gba bùútà, ó gbóòórùn rẹ̀, omijé sì dà lójú rẹ̀. Kwabena sọ fún wa pé òun kò mọ̀ títí di òní bóyá ti ìbànújẹ́ ni tàbí ti àpẹtẹ́ṣì náà. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà kì í yẹ bùútà wò, nítorí ohun èlò ìjọ́sìn ni. Àkíbù lè fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn, wọn ì bá sì lé e. Ó jókòó tì í, ó bi í pé mélòó ló ní lọ́kàn láti mu. Kwabena ní, "Ẹyọ kan péré."

Ọjọ́ náà ni Àkíbù kọ́kọ́ sọ ìtàn ọmọkùnrin kan tó mọ̀, ìtàn tó wá di ẹ̀kọ́ tó gbajúmọ̀ jù ní wọ́ọ̀dù náà. Wọ́n fi agolo bísíkíìtì rán ọmọ náà sí obìnrin kan, ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó ṣí agolo, ó mú ẹyọ kan péré, kí ó lè mọ̀ bóyá ó ti bàjẹ́. Ó wá rí i pé ìlà kan ti kéré sí èkejì, ó mú òmíràn kí wọ́n lè dọ́gba. Ìlà kẹta wá ga ju méjèèjì lọ. Ìyẹn náà ń fẹ́ àtúnṣe. Báyìí ló ṣe ń tún un ṣe títí tó fi dé ojú ìsọ̀ obìnrin náà, tó ku ẹyọ kan. Ó rò ó: ta ni í gbé bísíkíìtì kan ṣoṣo fún ọmọlúàbí? Àfojúdi ni. Ó jẹ ẹ́, nítorí ọ̀wọ̀ tó ní fún obìnrin náà. Ọwọ́ rẹ̀ wá ṣófo, kò sì lè fi ọwọ́ òfo jíṣẹ́. Ó yí padà, ó lọ parọ́ fún ẹni tó rán an.

Àkíbù á wá ní, "Kò sígbà kankan tí ọmọ yẹn jẹ agolo bísíkíìtì kan. Ẹyọ kan péré ló ń jẹ."

Kwabena kò tún fẹnu kan ọtí mọ́ láti ọdún náà. Ó padà di ọmọ ìjọ rẹ̀, ó sì ń mú bùútà náà wá sí wọ́ọ̀dù lọ́dọọdún láti fi han àwọn tuntun. Omi ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n ń gbóòórùn rẹ̀ kí wọ́n tó gbà á gbọ́.

Lára iṣẹ́ olóògbé ni pé kò sí ẹni tó lè kúrò ní wọ́ọ̀dù rẹ̀ láìránṣẹ́ sí ẹni tó ṣẹ̀. Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n ń kọ ọ́. Òfin mẹ́ta ló wà ńbẹ̀: kí ọ̀rọ̀ náà má ní "ṣùgbọ́n" nínú, kí ẹni tó kọ ọ́ kà á sókè lójú gbogbo ìjókòó, kí ó sì má béèrè èsì. Àkíbù á ní, "Tìrẹ ni kí o rán an. Èsì kì í ṣe iṣẹ́ rẹ." Bíírò pupa rẹ̀ kì í kúrò lápò. Èyí tí Kwabena kọ́kọ́ kọ sí Afua ìyàwó rẹ̀ ni pé: "Afua, dárí jì mí pé mo ta ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ, ṣùgbọ́n ariwo rẹ̀ ti pọ̀ jù." Àkíbù fa igi pupa sí i. Kwabena fi "nanso" ti Twi dípò rẹ̀. Àkíbù fà á. Ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ kan yá a ní "amma" ti Hausa. Àkíbù fà á, ó ní ọ̀mùtí kan náà ni wọ́n, aṣọ ni wọ́n ń pààrọ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Kwabena fi kọ ìlà méjì.

Nínú ẹ̀sìn, olóògbé jẹ́ akọ̀wé mọ́ṣáláṣí wọn ní Kotobabi fún ọdún mọ́kàndínlógún, kò sì sí ìjà tọkọtaya tí wọn kì í gbé wá sílé rẹ̀. Lágbo ìsọmọlórúkọ, bó bá ti yọ lókèèrè báyìí, ìgò á bẹ̀rẹ̀ sí wọ abẹ́ tábìlì. Kì í sọ nǹkan kan. Á kàn kí wọn pé wọ́n kú ìnáwó, á jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ìgò tó tóbi jù, á sì máa bá onítọ̀hún sọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ títí omi á fi gbẹ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀. Bí wọ́n bá gbé bísíkíìtì wá, á ní òun kì í jẹ ẹ́. Sẹ̀kínátù rò pé àtọ̀gbẹ ni. Ó ti dá ṣúgà dúró nínú ilé fún ogún ọdún nítorí ẹni tí kò ní àtọ̀gbẹ.

Ní ọdún 2015 ó fẹ̀yìn tì. Ìjọba kò sanwó fún un mọ́, kò sì yéé lọ sí wọ́ọ̀dù ní Ọjọ́bọ̀ kọ̀ọ̀kan.

Ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, lábẹ́ igi dóńgóyárò kan náà, ó sọ ìtàn ọmọkùnrin náà tán. Kwabena, tó ti ń wá ràn án lọ́wọ́ láti ọjọ́ pípẹ́, nawọ́ sókè.

"Wofa, ẹni tó rán ọmọ yẹn níṣẹ́ ńkọ́? Ṣé ó wà láyé?"

"Ó wà."

"Ṣé ó ti gbọ́?"

Àkíbù ní ìyẹn kò sí nínú ẹ̀kọ́ òní.

"Wofa, irú ìdáhùn yẹn, ẹ̀yin lẹ ní ká má máa gbà á."

Ọmọkùnrin kan tí oògùn tírámádọ́ọ̀ gbé débẹ̀ fò dìde. Ó ní, "Háà! Wofa ló jẹ ẹ́!"

Mẹ́sàn-án ni wọ́n lọ́jọ́ náà. Àwọn mẹ́sẹ̀ẹ̀sán gbé bíírò sílẹ̀. Wọ́n ní àwọn kò ní kọ ọ̀rọ̀ kankan sí ẹnikẹ́ni títí Wofa á fi kọ tirẹ̀. Nígbà tí kò sì sẹ́ni tó lè lọ sílé láìkọ ọ́, ibùsùn kún. Nọ́ọ̀sì àgbà wá bẹ Àkíbù pé kí ó jọ̀ọ́, ohun yòówù tó jẹ, kí ó jẹ́wọ́ rẹ̀, aláìsàn tuntun ń bẹ lẹ́nu géètì.

Ẹ̀rù ń bà á, ẹ̀yin ará. Ó sọ ọ́ fún Sẹ̀kínátù. Ó ní Bàbá ti lọ, Ìyá ti lọ, Àǹtí Ràṣídátù ti lọ. Bọ̀ọ̀dá nìkan ló kù tó ń pe òun ní Àdìó. Bí Bọ̀ọ̀dá bá bínú, ta ni yóò máa pe òun bẹ́ẹ̀?

Kwabena ló di bíírò pupa mú. Àkíbù kọ ọ́ pé òun jẹ bísíkíìtì náà, "ṣùgbọ́n ebi ń pa mí." Kwabena fà á, ó ní, "Wofa, ebi ń pa gbogbo wa." Ó kọ ọ́ pé, "ṣùgbọ́n ọmọdé ni mí." Kwabena ní, "Ẹ dàgbà nígbà wo? Kí ló dé tí ẹ kò sọ ọ́ lọ́jọ́ náà?" Ó kọ ọ́ pé, "ṣùgbọ́n Bọ̀ọ̀dá kúkú rí ìyàwó rere fẹ́." Kwabena ní, "Wofa, ẹ fi ìyàwó oníyàwó sílẹ̀." Ó di ọ̀sẹ̀ keje kó tó kọ èyí tí wọ́n gbà, ó kà á lójú gbogbo wọn, Hafeezah ọmọ-ọmọ rẹ̀ sì fi í ránṣẹ́ sórí fóònù mi:

"Bọ̀ọ̀dá mi, ní ọdún 1969 n kò jíṣẹ́ yín fún Abena. Mo jẹ bísíkíìtì náà lójú ọ̀nà, gbogbo rẹ̀. Mo parọ́ fún yín pé ó ní òun yóò dúró. Kò gbọ́ nǹkan kan, kò sì dà yín. Ẹ dárí jì mí. Èmi ni Àdìó yín."

Ọjọ́ mẹ́ta ni n kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Mojíbọ́lá rò pé eyín ni. Lọ́jọ́ kẹrin, mò ń jẹ ẹ̀kọ, ọ̀rọ̀ kan sọ sí mi lọ́kàn, mo rẹ́rìn-ín títí ẹ̀kọ fi gba ọ̀nà ọ̀run lọ. Mo pè é.

"Àdìó."

Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá."

"Àdìó, o ní ó ní ó dùn gan-an?"

"Bọ̀ọ̀dá, ó dùn."

A rẹ́rìn-ín títí káàdì fi tán.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó mú Hafeezah dání, ó lọ bá Abena ní Kotobabi. Opó ni ìyá náà báyìí, ó ti ní ọmọ-ọmọ rẹpẹtẹ. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà dé òpin. Ó ní, "Ìyẹn ni pé orí Bàdírù kò dàrú? Láti 1975 ni mo ti ń gbàdúrà ìwòsàn fún un." Ó wá na ọwọ́. Ó ní, "Bísíkíìtì mi dà?" Àkíbù ní kí Hafeezah sáré lọ rà á. Abena ní, "Jókòó. Ẹni tó rán ọ ni kó gbé e wá, tòun ti ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ìwọ, n kò ní í fi agolo rán ọ láé."

Láti ìgbà náà, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ kọ̀ọ̀kan, Àkíbù á pè mí: "Bọ̀ọ̀dá, tèmi ti tán. Tiyín ńkọ́?" Mo ní mò ń kọ ọ́. Ó ní kí n kà á sí òun létí. Mo kà á: "Abena, mo bú ọ lójú ọjà, ṣùgbọ́n ìwọ náà fi mí rẹ́rìn-ín." Ó ní, "Ẹ fà á, Bọ̀ọ̀dá." Ọdún méjì ni mo fi ń fà á. Ní ọjọ́ kẹta oṣù Kẹwàá ọdún yìí, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, àwọn ọ̀mùtí mi ń lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹ̀yin tí ẹ kì í mutí, ọdún méjì!" Ìyẹn ni ohùn rẹ̀ tí mo gbọ́ kẹ́yìn. Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀lé e, lẹ́yìn ìrun àsùbáà, ó wọ ẹ̀wù tó fẹ́ wọ̀ lọ sí wọ́ọ̀dù, ó jókòó láti so bàtà, kò sì dìde mọ́. Bíírò pupa wà lápò rẹ̀.

Wọ́n sin ín lọ́jọ́ náà. Wọ́n ní àwọn ọkùnrin tó lé ní igba wá, gbogbo wọn fárí, wọ́n wọ ẹ̀wù funfun tí wọ́n lọ̀ dáadáa, ojú wọn mọ́. Àlùfáà àlejò kan bi Fatawu ọmọ rẹ̀ léèrè báǹkì tí bàbá rẹ̀ ti ṣiṣẹ́, kò mọ̀ pé ọ̀mùtí àná ni gbogbo wọn.

Ó fi ayé sílẹ̀ fún Sẹ̀kínátù aya rẹ̀, tó ti ń fi ṣúgà sí tíì báyìí. Fún àwọn ọmọ rẹ̀, Habiba, Fatawu àti Faruk. Fún ọmọ-ọmọ méje, tí Hafeezah, Suhaib àti Afeefah wà nínú wọn. Fún Kwabena, tó ní kí a kọ orúkọ òun sí àárín àwọn ọmọ, a sì kọ ọ́. Àti fún èmi ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ní agboolé Jagun, a ti fòfin de "bísíkíìtì Abena". Ẹni tó bá sọ ọ́ á kí ìyá náà lórí fóònù.

Àkíbù Àdìó, ọmọ Àgbékẹ́, oníṣẹ́ tó pẹ́ lọ́nà tó sì padà jíṣẹ́, sùn re o. Kí Ọlọ́run gbà ọ́ sí ìtura, kí Ó má wo ìkankan nínú ẹyọ kọ̀ọ̀kan tí gbogbo wa ti jẹ. Èmi yóò máa pè ọ́ ní Àdìó, bí o gbọ́, bí o kò gbọ́.

Òfin olóògbé ni pé kí a ka iṣẹ́ tí a rán lójú ìjókòó. Ìdí nìyẹn tí mo fi tẹ èyí síbí, kí Hafeezah kà á sókè lọ́jọ́ àdúrà ogójì yìí. Mo fi í ránṣẹ́ ní Jímọ̀ tó kọjá. Mojíbọ́lá ló bá mi fa "ṣùgbọ́n" méjì tó gbẹ̀yìn yọ. Hafeezah ní àmì ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti di búlúù, ìyẹn ni pé Abena ti rí i. N kò béèrè èsì.

"Abena, èmi ni Bàdírù ti Cow Lane. Ní ọdún 1969 mo ránṣẹ́ sí ọ pé kí o dúró dè mí. Iṣẹ́ náà kò dé ọ̀dọ̀ rẹ. Ní ọdún 1975 mo bú ọ lójú ọjà lórí ohun tí o kò gbọ́, mo sì fi orúkọ rẹ ṣe òwe àbùkù fún ọdún méjìdínláàádọ́ta. Ìwọ kò ṣẹ̀ mí. Èmi ni mo ṣẹ̀ ọ́. Dárí jì mí. Mo ń bọ̀ wá sí Accra fún àdúrà Àdìó, èmi àti ìyàwó mi. Agolo bísíkíìtì rẹ wà lọ́wọ́ mi, n kò rán ẹnikẹ́ni. Mojíbọ́lá ti fi téèpù wé ìdérí rẹ̀ yípo lẹ́ẹ̀mẹ́ta, nítorí ó mọ ìdílé wa."